Kí O Tó Dá Wọn Lóhùn ní Jímọ̀

Rófíà mi, Àṣàbí, ọkọ mi,

Àlàáfíà fún ẹ, àti fún yàrá kótópó tó o háyà síbẹ̀ yẹn. Ìdí tábìlì kíṣìnì wa níbí ní Peckham ni mo jókòó sí, tábìlì kan náà tí o ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ ò tíì kan ilẹ̀. Mo ti pa fóònù mi. Tí mo bá pè ẹ́, o máa bá mi jiyàn, o sì máa borí mi, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ẹ lé lórí nìyẹn. Tí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, o máa ń mú kó sáré kí o lè tètè gbọ́ ọ tán, Dádì ẹ sì sọ fún mi pé ohùn mi máa ń dún bíi ti ọmọdé níbẹ̀. Lẹ́tà nìkan ni o ò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Torí náà, bọ́ bàtà ẹ, jókòó dáadáa, kí o gbọ́ tẹnu ìyá ẹ tán.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí ọjọ́ Àìkú. Kò yẹ kí n bi ẹ́ pé ṣé orí ẹ pé. Orí ẹ pé dáadáa, èmi ni mo mọ bí mo ṣe bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, wo bí o ṣe sọ ọ́! O ti Rye Lane wọlé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín sí ẹ, mo sì ti ń ro bí mo ṣe máa sọ fún àwọn Aunty ní mọ́sálásí pé Rófíà tiwa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní òfin, wọ́n ti ní kó wá máa jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ lọ́jọ́ mélòó kan nínú oṣù. Àfi bí o ṣe gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ tí o ní:

"Mummy, mi ò ní gbà á o. Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ answer, no ni mo máa sọ."

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé wọ́n fi nǹkan lọ̀ ẹ́ tí kò dáa ni?"

"Immigration ni, Mummy. Àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sílé ni mo máa máa gbọ́ ẹjọ́ wọn. People like us. Mi ò fẹ́ dà bíi bàbá yẹn."

O na ọwọ́ sókè sí yàrá ẹ àtijọ́, mo sì mọ ẹni tí ò ń bá wí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ, tí o fi jáde láìgbé mọ́ínmọ́ín tí mo ti dì fún ẹ. Ó ṣì wà nínú fíríìsà. Dádì ẹ ti ń yọ́ lọ wò ó, mo sì ti kìlọ̀ fún wọn.

Ó dáa. Jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bàbá yẹn, nítorí òun gan-an ló fẹ́ bá ẹ kọ èsì ìwé.

Láti ọdún tí o ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá tí ò ń kọ nípa rẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára ògiri wa: òyìnbó Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, orí rẹ̀ ti pá níwájú, awò kékeré lójú, ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ayàwòrán ní kó dákẹ́ ná. Táwọn ènìyàn bá bi mí pé ìgbà wo ni Rófíà máa mú ọkọ wálé, mo máa ń sọ fún wọn pé ó ti mú un wá tipẹ́, ó wà lókè, kò kàn lè jẹun ni. Dádì ẹ ò tiẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní tiwọn. "Àna wa, ẹ káàárọ̀ o," ni wọ́n máa ń kí i tí wọ́n bá ń kọjá lọ sí balùwẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí a bá jọ ń ká aṣọ. O ní ọ̀dọ́ ni nígbà tí wọ́n fi í sí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, tí àwọn àgbàlagbà ń kùn pé kí ni ọmọ yìí mọ̀. O ní ó ti kọ ewì nígbà kan, ewì náà ò dùn, ó sì ń wá ẹ̀dà rẹ̀ kiri kó lè dáná sun ún. Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn. O ní ó máa ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gba ojú ọ̀nà burúkú láti lọ gbọ́ ẹjọ́ nílùú yìí, nílùú yẹn, tó bá sì padà dé, á lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, á tún jókòó kọ ìwé tó nípọn tí àwọn lọ́yà fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣe adájọ́, ó ń ṣe olùkọ́, ó ń ṣe òǹkọ̀wé, ó sì ń sin ọmọ lẹ́yìn ọmọ, nítorí ikú mú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí o sọ ti àwọn ọmọ yẹn, o gbàgbé aṣọ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà lo wá sọ ti ẹjọ́ méjèèjì. Àwọn Adúláwọ̀ kan tí wọ́n jí kó láti Áfíríkà gba ọkọ̀ ojú omi mọ́ àwọn tó ń gbé wọn lọ tà lọ́wọ́, ọkọ̀ náà sì gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Àna wa yìí ló kọ ìdájọ́ pé ẹni òmìnira tí wọ́n jí gbé ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. O ní, "Wait, Mummy." O ní kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹjọ́ obìnrin kan dé iwájú rẹ̀, tó ti ń gbé jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kí àwọn kan tó wá gbé òun àtàwọn ọmọ náà lọ pé ẹrú àwọn ni. Ọwọ́ kan náà, gègé kan náà, ló kọ ọ́ pé òfin fún olówó ẹrú láàyè láti mú ohun ìní rẹ̀ padà.

O ò mọ̀ pé mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Nínú ọkàn mi, mo yí àwòrán rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Nítorí náà, ohun kìíní tí mo fẹ́ sọ ni pé òótọ́ lo sọ nípa rẹ̀. Mi ò ní bá ẹ jiyàn ìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé bí ayé ṣe rí nígbà yẹn ni. Obìnrin yẹn àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ayé nígbà yẹn pẹ̀lú, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Ọkùnrin náà mọ ìwé, ó fẹ́ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí kò dáa. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹ bó ṣe rí, má bò ó.

Ìkejì: iṣẹ́ méjì kò pa á, má jẹ́ kí ìyẹn bà ẹ́ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi pé ní ìgbẹ̀yìn, ó ti pinnu láti kúrò nílé ẹjọ́ kó lè gbájú mọ́ ìkọ́ni nìkan, àmọ́ kó tó ráyè ṣe é, ikú dé. Rófíà, èyí kàn ẹ́. O ti sọ pé tí o bá parí ìwé, o máa gba ìsinmi. Tí o bá parí ìwé, o máa bá mi lọ sí Mẹ́kà. Tí o bá parí ìwé, o máa bá ọmọ Alhaja yẹn sọ̀rọ̀, èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Brixton, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń béèrè àlàáfíà ẹ. Àwọn ènìyàn tó wà láàyè ò lè máa dúró de ẹni tó wà lára ògiri. Jẹun lásìkò. Ra kóòtù tó móoru. Má máa mu kọfí dípò oúnjẹ ọ̀sán, mo rí ife yẹn lórí tábìlì ẹ lọ́jọ́ tí a wá.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún ẹ. O mọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì, mo ti ń sọ fún ara mi pé tó bá dàgbà ni mo máa sọ fún un, àfi bí o ṣe dàgbà tí o sì ń ṣe alákọ̀wé, ni ojú wá ń tì mí.

O mọ̀ pé Dádì ẹ ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa. London níbí ni wọ́n wà, ibi iṣẹ́ wọn ò fún wọn láàyè, bàbá mi ò sì fẹ́ kí n tún pẹ́ sí i nílé. Bí àwọn ènìyàn wa ti máa ń ṣe é ni wọ́n ṣe é. Àbúrò ọkọ jókòó dípò ọkọ, Àlùfáà so yìgì, wọ́n fi àwòrán ọkọ sínú férémù, wọ́n sì gbé e lé ìyàwó lórí itan. Uncle Múfú ẹ ni ó jókòó tì mí, tó wọ agbádá, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló ni ìyàwó. Kò sí ẹni tó rí i bí nǹkan àrà. Ayàwòrán ya gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àwòrán kan tó wúwo, tí wọ́n fi òdòdó wúrà sí lára.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Dádì ẹ níbí tí mo sì lóyún, a kọ̀wé sí ìjọba pé kí n dúró ti ọkọ mi. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ìgbéyàwó gidi, wọ́n ní torí ìwé ìgbélùú la ṣe é. A pe ẹjọ́ tako wọn. Lọ́yà wa ní kí a mú ohunkóhun tó lè fi hàn pé lóòótọ́ la ṣègbéyàwó wá. Kí lo rò pé ìyá ẹ gbé? Mo fi gèlè mi tó dára jù di ìwé àwòrán yẹn, mo gbé e mọ́ àyà nínú bọ́ọ̀sì bí ọmọ tuntun. Kò wá sí èmi tàbí Dádì ẹ lọ́kàn rárá pé ọkùnrin mìíràn ni òyìnbó máa rí níbẹ̀. Lójú tiwa, ọkọ mi ló kún inú ìwé náà.

Lọ́yà ìjọba, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, ṣí i. Ó wò ó, ó tún wò ó. Ó ní, "Madam, who is this man beside you?"

Mo ní, "Àbúrò ọkọ mi ni, sir." Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó yíjú sí adájọ́. Ó ní ẹ wò ó o, ìwé àwòrán ìgbéyàwó tí obìnrin yìí fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkùnrin mìíràn ló jókòó tì í. Ó ní ẹni tó ń pè lọ́kọ ò sí nínú rẹ̀ rárá. Yorùbá gan-an sá kúrò lẹ́nu mi. Mo wo Dádì ẹ níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn, mo rí i pé omi ti ń bọ̀ lójú wọn. Mo ti ń rò ó pé ìyá mi ni mo máa lọ bímọ sí lọ́wọ́, àti pé ìgbà wo ni ọmọ yìí máa mọ bàbá rẹ̀.

Adájọ́ náà, òyìnbó obìnrin tó tó ìyá mi, ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá. Wọ́n pààrọ̀ awò ojú wọn. Wọ́n ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ní ibi kankan tó ń lọ. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìka lé àwòrán kan, wọ́n sì gbójú sókè sí mi.

"What is that on your lap?"

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Férémù ni, Ma."

"And who is in the frame?"

Rófíà, mo kàn na ọwọ́ sí Dádì ẹ. Ọlọ́run ló sì ṣe é, kóòtù aláwọ̀ ewé wọn yẹn, tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ nù, ni wọ́n wọ̀ wá sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ yẹn. Òun náà ni wọ́n wọ̀ nínú férémù. Wọn ò ní òmíràn. Adájọ́ wo àwòrán, ó wo Dádì ẹ, ó tún wo àwòrán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè: ta ló so yìgì, ta ló dúró fún bàbá mi, kí ló dé tí wọ́n fi gbé férémù fún mi. Àwọn ohun tí mo ti ń gbé kiri nínú látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ń sọ, torí kò tíì sẹ́ni tó bi mí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n kọ̀wé pé kí n máa bá ọkọ mi gbé.

Tó bá jẹ́ pé ibí yìí ni ìtàn náà parí sí, ǹ bá ti sọ ọ́ fún ẹ tipẹ́, ǹ bá sì máa fi ṣe fáàrí.

Bọ̀dá kan wà, Bọ̀dá Ràṣídì, aránṣọ ní Deptford, tí a jọ máa ń kírun. Ilé ẹjọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà, adájọ́ kan náà. A jọ jẹ bísíkíìtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó pè wá. Wọ́n dá a padà sílé. Mo lọ kí i, mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Ó ní, "Aunty, ìyá yẹn gbọ́ mi o. Ó gbọ́ mi tán pátápátá. Ó ní òfin ò gba òun láyè ni." Ó ń di ẹrù rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wá mú bùbá kékeré kan jáde, ó ní òun ti rán an fún ọmọ inú mi, kí n má bínú pé òun ò ní sí níbi ìsọmọlórúkọ. Bùbá tó o wọ̀ nínú fọ́tò ìsọmọlórúkọ ẹ nìyẹn.

Obìnrin tó dá mi sílẹ̀, mo bú u lọ́jọ́ yẹn. Mo bú u nítorí Bọ̀dá Ràṣídì, mo sì tún ṣàdúrà fún un nítorí tèmi, nínú ìrun kan náà. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣe é bó ṣe yẹ. Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé ìrònú náà ti tán. Tí o bá gba ipò yìí, o máa dá ẹnì kan sílẹ̀, o sì máa dá aránṣọ ẹnì kan padà, ó sì máa dùn ẹ́. Kó dùn ẹ́. Mo fẹ́ kó dùn ẹ́. Lọ́jọ́ tí kò bá dùn ẹ́ mọ́, kúrò níbẹ̀.

Tó bá sì wá di pé òfin ní kí o ṣe irú ohun tí àna wa ṣe sí obìnrin yẹn àtàwọn ọmọ rẹ̀, ohun tí ìwọ náà mọ̀ nínú ara ẹ pé kì í ṣe ti ènìyàn, má jókòó kọ gírámà sí i. Dìde. Má ro ohun tí àwọn ènìyàn máa wí, má ro ti owó oṣù. Pè wá. Dádì ẹ máa gbé mọ́tò wá kó àwọn ìwé ẹ, èmi á ti se oúnjẹ sílẹ̀. A ò ní bi ẹ́ léèrè nǹkankan títí o ó fi jẹun tán.

Ṣùgbọ́n tí o bá kọ̀ ọ́ láti ìsinsìnyí, ọkọ mi, àga yẹn ò ní ṣófo. Ẹlòmíràn máa jókòó síbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni rere. Ó lè pààrọ̀ awò, ó sì lè má pààrọ̀ rẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mo mọ̀. Mo mọ̀ pé nígbà tí o wà ní kékeré, tí ìwọ àti ọmọ Mama Kúdí ara ilé kejì bá jà, ìwọ fúnra ẹ lo máa ń sọ ẹjọ́ tirẹ̀ fún mi kí o tó sọ tìẹ. Ó máa ń ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe dàgbà, òun lo fi ka ìwé, òun náà ló jẹ́ kí ẹjọ́ obìnrin Amẹ́ríkà yẹn máa dùn ẹ́ títí di báyìí. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń dùn ni mo fẹ́ kó gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá gbé ìwé àwòrán rẹ̀ wá.

Ìwọ lo máa dá wọn lóhùn o, kì í ṣe èmi. Èyíkéyìí tí o bá sọ ní Jímọ̀, wá gbé mọ́ínmọ́ín ẹ, torí mi ò lè máa ṣọ́ Dádì ẹ títí. Tí o bá sì gbà á, kí gbogbo ayé máa pè ẹ́ ní Judge, ìyẹn kàn wọ́n. Nínú ilé yìí, ìwọ lo ṣì máa fọ abọ́.

Mo yọ àwòrán kan nínú ìwé àwòrán ìgbéyàwó wa, mo fi sínú àpòòwé yìí. Òun gan-an ni ìyá adájọ́ yẹn fi ìka lé. Ìwọ náà wà nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ yẹn, nínú mi, o kàn ń tàpá ni, o ò rí i. Rí i báyìí. Gbé e sára ògiri tìẹ níbẹ̀; tí o bá sì fẹ́, wá mú àna wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ máa wò ẹ́.

Tí obìnrin kan bá wá dúró níwájú ẹ, tí gbogbo ènìyàn ń fi hàn ẹ́ pé ọkùnrin tó jókòó tì í kì í ṣe ọkọ rẹ̀, má tíì kọ nǹkankan, ọmọ mi. Kọ́kọ́ wo orí itan rẹ̀.

Èmi ni ìyá ẹ, tó ń dúró dè ẹ́ ní kíṣìnì.